Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ẹgbẹ́ Tó Fẹ́ Ṣèjọba Kò Gbọdọ̀ Fojú Pamọ́ Bú Èèyàn

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn alága wọ́ọ̀dù sọ níbi ìpàdé ìpalẹ̀mọ́ ìbò. A tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́.

  

Mo mọ ohun tí ẹ ń retí lẹ́nu mi. Ẹ ń retí pé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba: ọ̀nà tó bàjẹ́, iná tí kì í tàn, gààrí tó wọ́n bí ojú. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò níye, a ó sì kà á, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ilé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbá kí n tó gbá ìta. Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: ẹni tó ní orúkọ, ẹni tó fi orúkọ pamọ́, àti ohun tí ó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn ilé mi. Ọkọ rẹ̀ ń du ipò káńsẹ́lọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kejì, ẹgbẹ́ tí à ń bá fà á. N kò ní dárúkọ o, ẹni bá mọ̀ ọ́n kó dákẹ́. Aṣọ ni obìnrin yìí ń tà. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Mo fi awò sójú, mo wò ó. Àwòrán òun ni mo rí, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó kó owó àjọ àwọn obìnrin ọjà jẹ, pé òun ni ọkọ rẹ̀ fi ń kọ́lé. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní “Ọmọ Ọjà Olóòótọ́”. Kò ní ojú, kò ní ilé, kò ní baba.

Láàárín ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ WhatsApp gbogbo ọjà. Àwọn tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀ wá gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó san án fún wọn, kò ku kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n owó tó fẹ́ fi ra ọjà ló fi san án. Ọmọ rẹ̀ ní òun kò lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ́, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Obìnrin náà kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Bàbá, ta ni kí n lọ bá?”

Mo wádìí. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin ará, ọ̀dọ̀ wa ni mo bá a. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, ọmọ tí èmi fúnra mi fún lówó dátà. Mo ránṣẹ́ pè é. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ìpolongo ìbò náà ni. Àwọn náà ń ṣe é fún wa. Kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ pé èmi ni.”

Kò sẹ́ni tó lè mọ̀! Gbólóhùn yẹn ló já mi láyà. Kò sọ pé òótọ́ ni ohun tí òun kọ. Kò sọ pé ó dára. Ohun tó fi ṣe odi ni pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo mú un, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà lójú ọjà, lọ́sàn-án gangan. Ó dọ̀bálẹ̀, èmi náà sì bẹ̀bẹ̀. Ó padà sí ojú ibi tó ti kọ ti àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé irọ́ ni òun pa, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti baba rẹ̀ sí i. Àwọn kan nínú yín bínú sí mi. Ẹ ní mo dójú ti ẹgbẹ́ nígbà tí ìbò ń bọ̀. Èsì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo wá fún yín lónìí.

KÍ LÓ Ń JẸ́ OJÚ?

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí èmi àti ìwọ bá jókòó, tí mo fẹ́ bú ọ, mo máa kọ́kọ́ wo ojú rẹ. Mo máa rí i bí omi bá ń lé ròrò nínú rẹ̀. Mo máa rántí pé mo mọ baba rẹ, pé ìyá rẹ ti gbé mi jẹun rí. Ìtìjú á mú mi, n ó sì gbé ìdajì ọ̀rọ̀ náà mì. Ohun tó ń dá ẹnu wa dúró nìyẹn. Kì í ṣe ọlọ́pàá.

Ẹ̀rọ ayélujára ti gba ojú kúrò láàárín wa. Ọmọdé kan á dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, á fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ bú ẹni tó tó bí i lọ́mọ, bó bá ṣe tán á sùn. Ẹni tó bú kò ní sùn. Àwọn àgbà ti mọ irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó ṣe fóònù. Àwọn ló ní, a-ta-ọfà-sókè-yídó-borí, bí ọba ayé kò rí ọ, tọ̀run ń wò ọ́. Ó ti yí odó bo orí ara rẹ̀ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọfà náà ń padà bọ̀ wálẹ̀, orí aláìṣẹ̀ ló sì máa bà lé.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú nìkan. Ẹ rántí ọdún 2014 nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọ̀rọ̀ kan jáde lórí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn tètè fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, pé òun ni yóò lé àrùn náà. Tìdájí tìdájí ni àwọn ènìyàn ń jí ara wọn. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé àwọn kan kú, àwọn mìíràn sì dèrò ilé ìwòsàn, nítorí iyọ̀ tí wọ́n mu. Ta ló kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó gbà á kò mọ̀, wọn kò sì béèrè. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí wọn ni wọ́n mọ̀, ẹ̀gbọ́n wọn tàbí ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n wá fi ojú ẹni tí wọ́n mọ̀ gba ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní “bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́”, ọ̀nà tí irọ́ ń gbà rí ojú nìyẹn. Ojú yín ló ń yá lò.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa. Ní ọdún 2018, nígbà ayé Ààrẹ Muhammadu Buhari, wọ́n gbé e káàkiri pé ó ti kú, pé ẹlòmíràn láti ilẹ̀ Sudan ló wà ní Aso Rock. Ọ̀rọ̀ náà lágbára débi pé, nígbà tó lọ sí orílẹ̀-èdè Poland ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ó ní láti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gan-an ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò fẹ́ ìjọba rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Àǹfààní wo ló ṣe mẹ̀kúnnù? Kò dín owó ìrẹsì kù. Ó wulẹ̀ fún àwọn aláṣẹ láyè láti sọ pé gbogbo ẹni tó bá ta kò wọ́n, aláhesọ ni. Irọ́ tí a bá pa mọ́ ọ̀tá, òun ni ọ̀tá ń fi pa òtítọ́ wa.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, kí ìbò ààrẹ tó wáyé, BBC gbé ìwádìí jáde pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní Nàìjíríà ń sanwó ní bòókẹ́lẹ́ fún àwọn gbajúmọ̀ orí ẹ̀rọ ayélujára láti máa tan irọ́ kálẹ̀ nípa alátakò wọn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ oṣù lẹlòmíràn fi ń ṣe. Ẹni tí ẹ rò pé ó jẹ́ ọmọ ìlú bíi tiyín tí inú ń bí, alágbàṣe ni.

EGÚNGÚN NÍLÉ

Ọ̀dọ́ kan lè dìde pé, “Bàbá, egúngún ń kọ́? Ṣé egúngún kì í bo ojú ni?” Ìbéèrè dáadáa ni. Egúngún ń bo ojú, ó sì ń sọ ohun tí ẹlòmíràn kò lè sọ. Ní ilẹ̀ Kétu àti Yewa, bí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru, kò sí olóyè tí orin rẹ̀ kò lè kàn. Òtítọ́ ìlú ń gba abẹ́ aṣọ jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ̀kú bo ojú, kò bo agbo ilé. Bí egúngún bá na aláìṣẹ̀ fọ́ lójú, a kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, a kò sì ní béèrè. Ṣùgbọ́n a mọ ilé tó ti jáde. Atọ́kùn ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alágbàá ń bẹ nílùú. Ọ̀dọ̀ Alágbàá la ó lọ, ilé náà ni yóò sì san ìtanràn. Bí egúngún kan bá jáde tí kò nílé, tí kò ní atọ́kùn, tó kàn ń na ènìyàn kiri, ṣé egúngún nìyẹn? Ó tì o! Olè tó dá aṣọ borí ni.

Nítorí náà, kì í ṣe bíbo ojú ni ẹ̀ṣẹ̀. Àìnílé ni ẹ̀ṣẹ̀. Obìnrin aláṣọ yẹn kò béèrè pé kí n tú ẹnikẹ́ni sí ìhòòhò. “Ta ni kí n lọ bá?” ló béèrè. Ilé Alágbàá ló ń wá. (Àtẹ́wọ́)

Ẹ MÁ FÚN ÌJỌBA NÍ PÀṢÁN

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, inú àwọn aláṣẹ ń dùn. Wọ́n á ní, “Ẹ ò gbọ́? Alátakò gan-an ti gbà. Ẹ jẹ́ ká ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó fi orúkọ gidi sí i.” Ẹ má gbà o! Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ gé èékánná fún ọ, kọ́kọ́ wò ó bóyá ìka rẹ ló ń wò.

Ẹ̀yin àgbà rántí Òfin Kẹrin tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1984. Wọ́n fi òfin yẹn sọ àwọn oníròyìn The Guardian méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sí ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bu ìtanràn 50,000 náírà lé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ta wọ́n lólobó. Àwọn ọkùnrin náà kò sọ. Wọ́n yàn láti lọ sẹ́wọ̀n dípò kí wọ́n tú orúkọ ẹlòmíràn síta. Ẹ wo ìyàtọ̀: àwọn oníròyìn náà fi orúkọ ara wọn sílẹ̀ fún ìyà, kí wọ́n lè bo orúkọ ẹni tí kò lágbára. Ìyẹn ni bíbo ojú tó ní iyì.

Ẹ má sọ pé ti ológun nìyẹn. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS ti oṣù kẹwàá ọdún 2020, báńkì àpapọ̀ gba àṣẹ kóòtù láti ti àkáǹtì ogún ènìyàn àti iléeṣẹ́ pa, títí di oṣù kejì ọdún 2021. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ Ààrẹ kúrò, ìjọba ti Twitter pa fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i ní oṣù kìíní ọdún 2022. Àwọn ọmọ yín tó ń tajà níbẹ̀ jókòó sílé. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS dá a pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ilé ẹjọ́ yìí kan náà ti sọ ní oṣù kẹta ọdún yẹn pé abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti ọdún 2015, èyí tó lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí kó gba mílíọ̀nù 7 náírà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu. Ọdún 2024 ni wọ́n tó tún un ṣe.

Wọ́n ní bí gbogbo wa bá forúkọ sílẹ̀, ìwà ibi á dópin. Ṣé a kò tíì forúkọ sílẹ̀ ni? Láti ọdún 2011 la ti ń tò láti forúkọ síìmù sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n ní ká so ó mọ́ NIN. Àwọn ìyá arúgbó sùn sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n gé ìpè àwọn tí kò tíì so tiwọn. Ó dáa. Ajínigbé ń kọ́? Ó ṣì ń fi fóònù pe mọ̀lẹ́bí kó wá sanwó! Àwa tí a kò jí ẹnikẹ́ni gbé ni wọ́n mọ orúkọ wa.

Àwọn kan ti dán an wò ní òkè òkun. Ní ọdún 2007, Kòríà ti Gúúsù ṣe òfin pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sórí àwọn ojú òpó ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ hàn kọ́kọ́. Èébú kò dín kù lọ bí alárà. Ní ọdún 2011, àwọn olè fọ́ iléeṣẹ́ kan, wọ́n kó àkọsílẹ̀ ènìyàn bíi mílíọ̀nù 35 lọ. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún 2012, ilé ẹjọ́ tó ń túmọ̀ òfin orílẹ̀-èdè wọn fẹnu kò pé òfin náà tako ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú, wọ́n sì wọ́gi lé e.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ ṣètò pé ẹni tó bá ta wọ́n lólobó nípa owó tí wọ́n jí kó yóò gba ìpín nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, EFCC wọ ilé kan ní Ikoyi, wọ́n bá owó Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 43 dọ́là níbẹ̀. Ẹnìkan tó bo orúkọ rẹ̀ ló júwe ilé náà. Ká ní òfin ní dandan kó fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ síta, ṣé ẹ rò pé yóò sọ̀rọ̀? Owó yẹn ì bá ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí di òní.

ÌWỌ̀N TÍ A Ó MÁA LÒ

Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó ṣí ojú. Ẹni tí agbára lè tẹ̀ mọ́lẹ̀, òun ló ní ẹ̀tọ́ láti bò ó. Akọ̀wé kékeré tó rí olè ọ̀gá rẹ̀, kó bo orúkọ. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ fẹ́ bà jẹ́, kó bo orúkọ. Ṣùgbọ́n alágbàṣe tó gba owó ọ̀nà, kó ṣí ojú. Olóṣèlú tó ń tọrọ ìbò, kó ṣí ojú. Ẹni tó ń sanwó fún ìpolongo, kó ṣí ojú. Ní Nàìjíríà tiwa, wọ́n ti yí i dà: wọ́n mọ orúkọ aláàárù, wọn kò jẹ́ ká mọ orúkọ ẹni tó gbowó ọ̀nà.

Àwa ẹgbẹ́ alátakò wá ń kọ́, apá ibo la wà? Lójú ìjọba, a kéré. Wọ́n lè tì wá mọ́lé. Ṣùgbọ́n lójú obìnrin aláṣọ yẹn, òkè ńlá ni wá. A ní owó, a ní èrò, a ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóònù. Òun ní ìsọ̀ kan àti ọmọ kan. Nígbà tí a bo ojú láti kọlù ú, a kò ṣe alátakò mọ́. Ìjọba burúkú la ń ṣe, a kò kàn tíì dé ilé ìjọba ni. Bí a bá sì dé ibẹ̀ pẹ̀lú ìwà yìí, àwọn ọlọ́pàá àti ìwé owó ìlú la ó fi kún fóònù yẹn. Ẹ rò ó wò.

OHUN TÍ A Ó ṢE

Láti òní lọ, ìgbìmọ̀ wa ti fohùn ṣọ̀kan lórí nǹkan mẹ́rin. Èkíní, ohunkóhun tí a bá gbé jáde lórúkọ ẹgbẹ́, orúkọ wọ́ọ̀dù àti orúkọ akọ̀wé tó fọwọ́ sí i yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Èkejì, a kò ní fi kọ́bọ̀ owó ẹgbẹ́ ra dátà fún ẹni tó ń lo orúkọ àdàmọ̀dì. Èmi tí mo ti ṣe é rí láìbéèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe, mo jẹ̀bi, mo sì tọrọ àforíjì níwájú gbogbo yín. Ẹ̀kẹta, bí a bá ṣe àṣìṣe, ojú ibi tí a ti ṣe é la ó ti tún un ṣe, kì í ṣe igun tí ẹnìkan kò ní rí. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ọ̀rọ̀ wa bá dùn, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ kejì, alága wọ́ọ̀dù ni Alágbàá. Kó lọ bá a, kí alága sì dáhùn láàárín ọjọ́ méje.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba náà ṣe kedere. Kí ọlọ́pàá má gba orúkọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù láìgba àṣẹ adájọ́. Kí ẹni tí irọ́ bà lórúkọ jẹ́ lè rí kóòtù tó yá, tí kò wọ́n, kó má jẹ́ pé olówó nìkan ló lè pẹjọ́. Kí orúkọ gbogbo alágbàṣe àti iye tí wọ́n gbà wà lójú ìlú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò ní kí ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ sọ̀rọ̀! Bí ẹ bá rí olè ìjọba tí ẹ̀rù sì ń bà yín, ẹ bo orúkọ yín, a ó bá yín bò ó, bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ tì wá mọ́lé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ènìyàn bíi tiyín lẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ sí, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bi ara yín pé: ṣé mo lè lọ dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀? Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n sọ fún mi pé ìbò tí ọ̀rọ̀ yìí máa gbé sọnù fún wa ní wọ́ọ̀dù yẹn pọ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ẹni tí obìnrin náà máa dìbò fún, mi ò sì bi í. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó pè mí, ó kí mi, ó ní ọmọ òun ti padà sílé ẹ̀kọ́. Mo dúró, a wo ojú ara wa, a sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ tó bá lè gba ojú ọjà kọjá láìsá fún ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ yẹn ni a lè gbé ìlú lé lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká di ẹgbẹ́ yẹn. Ọlọ́run yóò ràn wá lọ́wọ́ o.  (Àtẹ́wọ́)